Ohun tí Ń Mú Ọmọ Tẹra Mọ́ Ẹ̀kọ́: Àyẹ̀wò láti Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Láti oṣù kìíní ọdún 1955 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ohun tí òbí ń tẹ̀ mọ́ ọmọ létí jù ní Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n ni pé kó kàwé kó lè di ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà dára, ó sì ń kó ọmọ wá sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n èrè tó ṣì ku ọdún méjìlá kò lè gba ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ìṣirò dojú rú mọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èrò mi ni pé ọmọ a máa tẹra mọ́ ẹ̀kọ́ bó bá ń rí i pé ọwọ́ òun ń dá ṣáṣá sí i, lójú àwọn tó mọyì iṣẹ́ náà. Olùkọ́ sì lè ṣètò ìyẹn.

Ẹ̀fọ̀n fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, tí ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ dé ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1924. Ibẹ̀ náà ni Agbọnbíofẹ́, tó kú ní 1945, ti gbẹ́ òpó ààfin Aláayè. Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì tó bá agbẹ́gilére George Bándélé ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, ṣàkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́gi. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́, tí àáké yóò gé igi di ìrísí gbàǹgbà. Àlétúnlé ló kàn, tí orí, apá àti ẹsẹ̀ yóò yọ. Dídán tẹ̀ lé e, kí ọ̀bẹ tó wá fín irun àti ilà ojú. Ọmọ iṣẹ́ kì í dúró dìgbà tó bá mọ gbogbo rẹ̀. Apá tí agbára rẹ̀ ká ni ọ̀gá ń fún un, lára ère tí ẹnì kan ń retí ní tòótọ́. Bó bá ṣì í gé, igi yóò fi hàn án lójú ẹsẹ̀.

Ẹnì kan lè ní ẹ̀bùn ló yẹ kí a fi fa ọmọ mọ́ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ òkèèrè ti jiyàn lórí ẹ̀bùn gan-an. Ní 1973, Lepper, Greene àti Nisbett fi hàn pé àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ́ràn àwòrán yíyà kò yà á tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìlérí ẹ̀bùn mú wọn yà á. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀bùn bá lójijì. Cameron àti Pierce ta kò ó ní 1994, wọ́n ní ẹ̀bùn kì í sábà ba ìfẹ́ ẹ̀kọ́ jẹ́. Deci, Koestner àti Ryan fi àgbéyẹ̀wò ìwádìí 128 dá wọn lóhùn ní 1999. Tọ̀tún-tòsì gbà, síbẹ̀, pé ìyìn tó ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ibi tó ti ṣe dáadáa kì í pa ìfẹ́ rẹ̀. N kò ní kí a fagi lé ọjọ́ ìfẹ̀bùndánilọ́lá; mo ní kò lè rọ́pò irú ìyìn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ kò sì lè rí ìlọsíwájú ara rẹ̀. Nínú ìwádìí tí Babátúndé Fáfúnwá darí láti Yunifásítì Ifẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Wọ́n ta ẹgbẹ́ wọn yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹnì kan lè ní ìwé tuntun tí wọ́n lò ló fà á. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fi wé wọn náà lo ètò tuntun, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n yí sí ní kíláàsì kẹrin. (Ní tiwa, ẹ̀ka èdè Èkìtì gan-an ni olùkọ́ ìbá fi bẹ̀rẹ̀.)

Àtakò tó le jù sí èrò yìí ni pé ọmọ pọ̀ ní kíláàsì, ìdánwò WAEC sì ń bọ̀, kò sí àyè fún un. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe. Ẹ wo Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, tí kò jìnnà sí Arámọkọ. Olùkọ́ lè pín kíláàsì: àwọn kan á fi tẹmómítà wọn omi, àwọn kan á ya gíráàfù, àwọn kan á kọ àbọ̀ tí wọn yóò kà fún àwọn òbí. Ẹni tí ìṣirò kò rọrùn fún lè bẹ̀rẹ̀ láti orí kíka tẹmómítà, kó tó bọ́ sí ìpíndọ́gba. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni ìdánwò sáyẹ́ǹsì ń béèrè. Nígbà tí èsì bá sì jáde, kí olùkọ́ kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti wá lè ṣe láti sáà tó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ipò rẹ̀, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni ipò kìíní ń sọ fún pé ó ti gbìyànjú.