Sọ́ǹpù Táǹkì Ẹja Nínú Yàrá Ìfọṣọ

Sọ́ǹpù ni táǹkì kejì tí àwọn tó ń sin ẹja nínú gíláàsì máa ń gbé sísàlẹ̀ èyí tí àlejò ń wò. Omi tó bá kún dé ètí táǹkì òkè á gba páìpù ṣàn wálẹ̀, asẹ́ á gba ìdọ̀tí rẹ̀, pọ́ǹpù á sì tì í padà sókè. Ariwo àti ọ̀rinrin rẹ̀ ló ń lé e kúrò ní pálọ̀ lọ sí yàrá ìfọṣọ.

Ọjọ́ tí iná bá lọ ni à ń mọ̀ bóyá wọ́n gbé sọ́ǹpù kalẹ̀ dáadáa. Pọ́ǹpù á dákẹ́, ṣùgbọ́n omi òkè kò ní tíì dákẹ́. Ẹ wo táǹkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó sì fẹ̀ ní 50: bí omi rẹ̀ bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 péré lọ sílẹ̀, lítà 6 ti dé ìsàlẹ̀. Bí ẹnu páìpù tó ń dá omi padà bá wá rì ní sẹ̀ǹtímítà 5, á máa fà á sẹ́yìn bí rọ́bà ṣe ń fa bẹntiróòlù bọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì. Lítà 30 nìyẹn. Sọ́ǹpù tó ti kún tẹ́lẹ̀ á dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ihò kékeré tí wọ́n lu sára páìpù náà, díẹ̀ sísàlẹ̀ ojú omi, ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé já ìfà yìí. Ìgbín kan ṣoṣo lè dí i, nítorí náà ó yẹ kí á máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó dájú jù ni kí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ pa pọ́ǹpù, kí ó dúró tì í títí omi yóò fi dá. Bí kò bá kún jáde, kí ó tan án padà, kí ó sì fi bírò fa ìlà síbi tí omi sọ́ǹpù wà. Kò gbọdọ̀ bu omi kọjá ìlà náà mọ́. Ní Ìbàdàn tàbí Èkó, iná kì í kìlọ̀ kó tó lọ.

Lítà omi kan, kílò kan. Ilẹ̀ ni kí sọ́ǹpù jókòó lé, tàbí irin tó lágbára. Kì í ṣe orí ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń gbọ̀n.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ní láti ga ju omi lọ, kí wáyà sì kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀ kó tó gòkè dé ibẹ̀, kí ẹ̀kán omi lè já bọ́ lọ́nà. Nílùú Ọba, ìlànà BS 7671 ní kí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ní ohun tó ń já iná bí 30 mílíámípíà bá sá lọ sílẹ̀.

Ewu tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni fílíìtì. Oògùn ẹ̀fọn tí kì í sábà pa ọmọ ènìyàn lára lè pa ẹja, bó tilẹ̀ kéré. Ẹ̀rọ inú sọ́ǹpù tó ń po afẹ́fẹ́ mọ́ omi iyọ̀ títí yóò fi hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ yàrá ìfọṣọ gan-an, tòun ti fílíìtì inú rẹ̀, ló ń fà sínú.