Kíndìnrín tó ní ewu díẹ̀ nínú: ká gbà á ni, àbí ká kọ̀ ọ́?

Kíndìnrín méjì ló wà lára èèyàn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, lẹ́yìn ikùn. Àwọn ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa, tí wọ́n ń yọ ìdọ̀tí àti omi tó pọ̀ jù kúrò nínú rẹ̀, tí èyí á sì bá ìtọ̀ jáde. Ẹ̀jẹ̀ ríru, tí àwa ń pè ní tension, àti àrùn ṣúgà ló sábà máa ń bà wọ́n jẹ́. Bí méjèèjì bá daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, ọ̀nà méjì ló kù: kí ẹ̀rọ máa bá aláìsàn fọ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn dialyse, tàbí kí wọ́n fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí i lára, ìyẹn greffe.

Dialyse ń gba ẹ̀mí là, àmọ́ kì í wo àrùn náà sàn. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ni àwọn dókítà ń fẹ́ kí aláìsàn máa ṣe é. Ní orílẹ̀-èdè wa, CHU Sylvanus Olympio ní Lomé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe é. Láti Sokodé dé Lomé lé ní 300 kìlómítà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Kambolé tàbí Tchamba, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀. Ìdí nìyí tí greffe fi ń wu ọ̀pọ̀ aláìsàn.

Ibo ni wọ́n ti ń ṣe greffe?

Ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 1954, ní Boston ní Amẹ́ríkà, ni Dókítà Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere. Ìbejì ni wọ́n: Ronald Herrick fún Richard, ìkejì rẹ̀, ní kíndìnrín kan, Richard sì lo ọdún mẹ́jọ sí i láyé. Lágbègbè tiwa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Èkó ní 2000, ní St. Nicholas Hospital. Abidjan bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2012, Dakar ní 2023. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹbí aláìsàn tó wà láàyè ló sábà ń fúnni. Ní Amẹ́ríkà, ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni wọ́n ti ń rí èyí tó pọ̀ jù.

Ta ni wọ́n ń pè ní «donneur à risque»?

Oríṣi mẹ́ta ni. Èkíní ni ẹni tó ti dàgbà tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru: kíndìnrín rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó lè má pẹ́ tó ti ọ̀dọ́. Èkejì ni ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní hépatite B, hépatite C tàbí VIH. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí àyẹ̀wò kò rí nǹkan kan lára rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìgbé ayé rẹ̀ ń kọ dókítà lóminú, bí ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ gún oògùn olóró sára. Kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Àyẹ̀wò tó dára jù lónìí máa ń rí VIH láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá. Kó tó dìgbà yẹn, ó fara pa mọ́ ni.

Ewu yẹn kì í ṣe àròsọ o. Ní 2007, ní Chicago, wọ́n rí i pé èèyàn mẹ́rin tó gba ẹ̀yà ara láti ara ẹnì kan ṣoṣo ti kó VIH àti hépatite C. Àmọ́ irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Tí wọ́n bá lo àyẹ̀wò tuntun wọ̀nyí, kò tó ẹnì kan nínú 1000 tí VIH lè gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé sí lára.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó kọ̀?

Ní Amẹ́ríkà, dókítà gbọ́dọ̀ sọ fún aláìsàn pé kíndìnrín tí wọ́n rí fún un ní ewu. Bí ọ̀pọ̀ bá ti gbọ́ «ewu», wọ́n á ní àwọn ò gbà, pé èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ á dé lọ́la. Ní 2018, àwọn oníwádìí tẹ ìṣirò kan jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Nínú 100 ẹni tó kọ̀, nǹkan bí 31 péré ló rí kíndìnrín òkú mìíràn tí kò ní àmì ewu láàárín ọdún márùn-ún. Lóòótọ́, ní oṣù àkọ́kọ́, àwọn tó gbà á kú ju àwọn tó kọ̀ lọ díẹ̀, torí iṣẹ́ abẹ kì í ṣe eré. Àmọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ewu ikú tiwọn kò ju nǹkan bí ìdajì ti àwọn tó kọ̀. Ní 2020, ìjọba Amẹ́ríkà yọ orúkọ «ewu» yẹn kúrò. Dókítà ṣì ń ṣàlàyé fún aláìsàn, wọ́n sì ń tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn greffe.

Ẹ̀kọ́ láti Cape Town

Ilẹ̀ Áfíríkà gan-an kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní South Africa nígbà náà, ẹni tó ní VIH tí kíndìnrín rẹ̀ sì ti bà jẹ́ kì í sábà rí àyè dialyse ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ní 2008, ní Groote Schuur ní Cape Town, Dókítà Elmi Muller bẹ̀rẹ̀ sí fún irú wọn ní kíndìnrín ẹni tó kú tí òun náà ní VIH. Nígbà tí wọ́n kéde àbájáde rẹ̀ ní 2015, èèyàn 27 ló wà nínú rẹ̀. Ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìṣirò wọn fi hàn pé nǹkan bí 74 nínú 100 ló ń yè é. Ní ti hépatite C, oògùn rẹ̀ tuntun ń wo ohun tó lé ní 95 nínú 100 sàn láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta.

Nílé wa ńkọ́?

Hépatite B ló yẹ kó ká wa lára jù. Ó pọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ló sì ní i tí wọn ò mọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Kí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń rẹ̀wẹ̀sì tètè gbà á, torí bí ara rẹ̀ bá ti ní ààbò, dókítà lè gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ní hépatite B yẹ̀ wò dáadáa.

Àmọ́ tó bá jẹ́ alààyè ló ń fúnni, ojú méjì ni ewu ní. Àbúrò tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ṣúgà, tó yọ kíndìnrín kan sílẹ̀ lónìí, òun náà lè dèrò dialyse lọ́la. Bí dókítà bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè fúnni, kí ẹbí má fi ipá mú un. Kíndìnrín rírà ńkọ́? Ẹni tó ń tà á á fi àìsàn rẹ̀ pa mọ́ kí owó má bàa bọ́. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 sì ka títà á léèwọ̀.

Àwọn tó ń kọ̀ ní ìdí tiwọn. Òmíràn ń bẹ̀rù àìsàn tuntun. Òmíràn rò pé wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́ fún òun. Òmíràn ń ro ohun tí aráyé máa sọ. Ká má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ká má gbàgbé pé kíkọ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Ẹ má fi kíndìnrín tí wọ́n mú wá wé èyí tí kò lábùkù, tí ò sí nílẹ̀. Ọjọ́ tí aláìsàn máa lò sí i lórí ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ fi wé e.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi dókítà

– Ewu wo gan-an ni: àrùn ni, ọjọ́ orí ni, àbí ìgbé ayé ẹni tó fúnni?
– Bí àrùn náà bá wọlé, ṣé oògùn rẹ̀ wà, ta ló máa san owó rẹ̀?
– Bí mo bá kọ̀, ṣé òmíràn lè dé, ìgbà wo sì ni?
– Ṣé ara mi lè gba dialyse títí dìgbà yẹn?
– Ìgbà wo lẹ máa tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò?

Ẹ tún bèèrè iye oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín àjèjì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìwé tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí, Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́: ẹ mú ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa dání, kó túmọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.