Niamey 1978: Bí ìpàdé kan ní Niger ṣe bí kíbọ́ọ̀dù fún àwọn èdè Áfíríkà

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Oko mi gbe oko sinu oko lo si oko."

Obìnrin kan ló ń sọ fún èèyàn pé: "Ọkọ mi gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀ lọ sí oko." Ó yá láti tẹ ti àkọ́kọ́ sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, àmọ́ ta ló máa lóye rẹ̀?

Ìṣòro yìí ti wà nílẹ̀ kí fóònù alágbèéká tó dé. Ọ̀kan lára ìgbìyànjú tó tóbi jù láti yanjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Niamey?

Ní oṣù Keje, ọdún 1978, àjọ UNESCO kó àwọn onímọ̀ èdè jọ sí Niamey láti jíròrò lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ àwọn èdè Áfíríkà sílẹ̀. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ti wáyé ní Bamako, lórílẹ̀-èdè Mali, ní 1966.

Ìmọ̀ràn Niamey ni pé kí ìró kan ní lẹ́tà tirẹ̀, dípò kí wọ́n máa so lẹ́tà méjì mọ́ra tàbí kí wọ́n máa fi àmì sí lẹ́tà. Fún àpẹẹrẹ, ìró tí Yorùbá ń kọ ní ẹ àti ọ di ɛ àti ɔ. Lẹ́tà 57 ni wọ́n tò kalẹ̀, ńlá àti kékeré.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wọ́pọ̀ nígbà náà ní nǹkan bíi bọ́tìnnì 44. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń tẹ nǹkan méjì, ìyẹn 88 lápapọ̀. Lẹ́tà 57, ńlá àti kékeré, ti di 114, láì tíì ka nọ́ńbà àti àmì ohùn mọ́ ọn.

Michael Mann àti David Dalby, tí wọ́n wà ní ìpàdé náà, tún ábídí yìí ṣe ní 1982. Lẹ́tà inú rẹ̀ di 60, ṣùgbọ́n wọ́n yọ gbogbo lẹ́tà ńlá kúrò, kí àyè lè gba àwọn lẹ́tà tuntun. Lórí ètò yìí ni wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù kan kalẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ Niamey pè.

Kí ló dé tí kò fi tàn kálẹ̀?

Ìṣirò wọn já síbi tó yẹ, àmọ́ àwọn èèyàn ti ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ̀wé. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ èèyàn àti ti ìlú. Ìwé ilé ẹ̀kọ́, ìwé ìròyìn àti Bíbélì sì ti wà nílẹ̀.

Ní Nàìjíríà, àkọtọ́ Yorùbá ti ń bọ̀ láti ìgbà Samuel Ajayi Crowther. Wọ́n ṣe ìpàdé lé e lórí ní Èkó ní 1875, ìjọba sì fọwọ́ sí èyí tí wọ́n tún ṣe ní 1974. Ẹ, ọ àti ṣ ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ní Benin, ɛ àti ɔ ló wà nínú ábídí orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, ará Kétu àti ará Ọ̀yọ́ lè máa sọ èdè kan náà, kí lẹ́tà wọn má sì bára mu.

Ní Niger fúnra rẹ̀, wọ́n ń fi ɓ, ɗ àti ƙ kọ Hausa, àmọ́ kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún èdè Faransé kò ní wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dán kíbọ́ọ̀dù wò?

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń ka iye ọ̀rọ̀ tí èèyàn tẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan àti iye àṣìṣe rẹ̀. Lẹ́tà márùn-ún, pẹ̀lú àlàfo, ni wọ́n ń kà sí ọ̀rọ̀ kan. Ní 2003, Scott MacKenzie àti William Soukoreff gbé gbólóhùn 500 jáde fún irú ìdánwò yìí, ọ̀pọ̀ olùwádìí ló sì ń lò ó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá fi òṣùwọ̀n yìí wọn gbólóhùn ọkọ àti ọkọ̀. Láìka lẹ́tà ńlá àti àmì ìdánudúró, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélọ́gbọ̀n (33) ni ìka máa tẹ bọ́tìnnì bí kò bá sí àmì kankan. Bí ẹ àti ọ bá ní bọ́tìnnì tiwọn, tí èèyàn sì ń tẹ àmì ohùn lọ́tọ̀, ó di 39. Bó bá jẹ́ pé lọ́tọ̀ ni wọ́n ń tẹ àmì abẹ́ lẹ́tà náà, ó di 46.

Ẹni tó bá wo eré nìkan máa sọ pé 33 ló dára jù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an ni kò jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Wàhálà mìíràn tún wà níbẹ̀. Lójú èèyàn, lẹ́tà kan ni ẹ́. Àmọ́ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú rẹ̀ bíi ẹ àti àmì òkè, tàbí é àti àmì ìsàlẹ̀, tàbí kó pín in sí mẹ́ta. Bí ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe kò bá mọ èyí, ó lè sọ pé ẹni tó kọ ọ́ dáadáa ló ṣì í kọ.

Níbo ni ọ̀rọ̀ dé báyìí?

Lónìí, Gboard ti ní Yorùbá lórí fóònù, àwọn tó dá YorubaName sílẹ̀ náà sì ti ṣe kíbọ́ọ̀dù fún kọ̀ǹpútà. Kò sí ìdí láti yọ lẹ́tà ńlá kúrò mọ́, torí bọ́tìnnì ojú fóònù lè yí padà bí wọ́n bá ṣe fẹ́.

Ohun tó kù ni ìdánwò tó máa lo gbólóhùn Yorùbá, tó máa ka àmì ohùn mọ́ ọ̀rọ̀, tó sì máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gba ìwé náà bóyá ọkọ ni wọ́n ń sọ tàbí ọkọ̀.