Ìdílé Àìná, Ọmọ Òkè-Odàn

Festac Town tí àwa ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin ni a kọ́ láti fi gba àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti oríṣiríṣi ilẹ̀ wá sí àjọ̀dún ọdún 1977 lálejò. Nítorí náà ó yẹ wá láti máa béèrè pé, “Ọmọ ta ni ìwọ í ṣe?” Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni kí a fi dáhùn.

Lí ọdún 1848 ni ogun Gezo, ọba Dàhómì, kó Òkè-Odàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa nísinsìnyí. A pa àwọn òbí ọmọbìnrin kékeré kan, a sì kó òun lọ ní ìgbèkùn. Lí ọdún 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, tọ Gezo wá láti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi òwò ẹrú sílẹ̀. Ọba kò gbà. Ṣùgbọ́n ó fi ọmọ náà ta á lọ́rẹ. Forbes fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀ sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta. Ọbabìnrin Victoria rí i ní Windsor lí oṣù kọkànlá ọdún náà, ó sì ń fi owó tirẹ̀ tọ́ ọ.

Victoria lè ka baba ńlá rẹ̀: Edward li ó bí i, George Kẹta li ó bí Edward, Frederick li ó bí George. Ta li ó bí ọmọ Òkè-Odàn? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní ọmọ ọba. Kí ni ẹ̀rí wọn? Forbes ní ọmọ ilé rere ni, nítorí pé a kò tà á fún àwọn onísòwò ẹrú. Ààfin a máa pa àwọn ọmọ bíbí ire mọ́ láti fi rúbọ lórí ibojì àwọn ọlọ́lá. Àbá ni èyí, kì í ṣe ìtàn ìdílé. Forbes tìkára rẹ̀ kọ ọ́ pé díẹ̀ ni ọmọ náà mọ̀ nípa ara rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan kò ṣègbé. Lí oṣù kẹjọ ọdún 1862, ó fẹ́ J. P. L. Davies, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sàró, nínú ìjọ St Nicholas ní Brighton. Nínú ìwé ìgbéyàwó náà, a kọ “Ina” síwájú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé Àìná ni, ọmọbìnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá sí ayé. Orúkọ àmútọ̀runwá yìí kò sọ bóyá ọba tàbí àgbẹ̀ ni baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ pé ẹnìkan wà níbi ìkúnlẹ̀ ìyá rẹ̀, ó rí i, ó sì sọ ọ́ lórúkọ.

Lí ọdún 1863 Àìná bí ọmọbìnrin kan, ó sọ ọ́ ní Victoria. Ọbabìnrin sì ṣe ìyá ìsàmì rẹ̀. Àìná kú ní Funchal, ní erékùsù Madeira, lí ọdún 1880.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ń kọ ìtàn ìdílé yín, ohun tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ kọ. Ẹ má ṣe fi adé bo ibi tí ó ṣófo. Orúkọ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ òtítọ́ sàn ju ìtẹ́ ọba tí a hùmọ̀ lọ.