Ọkọ̀ Ford Tí Kò Ní Fèrèsé, àti Bí Gíláàsì Ṣe Gba Ọjà Mọ́ Ọn Lọ́wọ́

Láàárín àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tí kò mọ Ford Model T tí wọ́n ń pè ní touring. Ó ga nílẹ̀, táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, èèyàn márùn-ún ni ó ń gbà. Aṣọ ni orùlé rẹ̀, a sì lè ká a sẹ́yìn. Yàtọ̀ sí gíláàsì iwájú, kò ní fèrèsé kankan. Bí òjò bá dé, awakọ̀ yóò dúró, yóò máa so aṣọ ìkélé mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Kí ó tó so ó tán, ará ọkọ̀ ti tutù. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wọ inú rẹ̀ yìí ni àwọn tó ń wá a lónìí fẹ́ràn. Òun náà ni àwọn oníbàárà ìgbà náà sá fún.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1908 ni Model T jáde ní Detroit. Dọ́là 850 ni touring, owó tó ga ju agbára òṣìṣẹ́ lásán lọ. Ní 1913, Henry Ford mú ìlànà tuntun wọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Highland Park: ọkọ̀ ni ó ń rìn lọ bá òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ kò rìn lọ bá ọkọ̀ mọ́. Títo egungun ọkọ̀ kan pọ̀, tí ó ń gba wákàtí 12 ààbọ̀ tẹ́lẹ̀, di iṣẹ́ ìṣẹ́jú 93 ní 1914. Ọdún yẹn ni owó òòjọ́ gòkè dé dọ́là 5, fún ẹni tí Ford bá rí i pé ìwà rẹ̀ nílé tẹ́ òun lọ́rùn. Nígbà tó di 1925, touring ti di dọ́là 290.

Ọkọ̀ náà ní ìwà tirẹ̀. Irin mẹ́ta ni awakọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀: ti òsì fún jíà, ti àárín fún fífi ẹ̀yìn rìn, ti ọ̀tún fún búrẹ́ẹ̀kì. Ọwọ́ ni ó fi ń fún un ní epo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn. Abẹ́ àga iwájú ni táǹkì wà, epo fúnra rẹ̀ ni ó sì ń ṣàn lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, bí òkè bá ga tí epo sì kù díẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń yí ọkọ̀ padà, wọn a fi ẹ̀yìn gun òkè náà. Ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ wà níbẹ̀ fún ojú lásán. Títí di 1925, kò ṣeé ṣí.

Ilé-iṣẹ́ Hudson ni ó da ọjà rú. Ó gbé Essex Coach jáde, ọkọ̀ onígíláàsì tí òjò kò lè dé inú rẹ̀, ní dọ́là 1,495, èyí tí ó fi dọ́là 300 péré ju Essex aláṣọ lọ. Nígbà tó di 1925, èyí tó ní gíláàsì ti rọjú ju aláṣọ lọ. Ní 1924, ọkọ̀ onígíláàsì kò tíì tó ìdajì ohun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà. Ní 1927, wọ́n ti tó 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Ford náà ní onígíláàsì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ara Model T fúyẹ́, ẹrù náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1926, Ernest Kanzler, ọ̀gá kan nínú ilé-iṣẹ́ náà tí ìyàwó rẹ̀ àti ìyàwó Edsel ọmọ Ford jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, kọ̀wé sí bàbá náà pé àsìkò Model T ti ń lọ. Kí ọdún tó parí, Kanzler ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Ẹ̀bìbí 1927, ọkọ̀ tó sọ iye Model T di mílíọ̀nù 15 jáde ní Highland Park. Touring ni. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Dearborn di òní. Lẹ́yìn rẹ̀, Ford ti ilé-iṣẹ́ pa láti múra sílẹ̀ fún Model A, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ Detroit sì jókòó sílé láìsí owó iṣẹ́. Oṣù Ọ̀pẹ ni ọkọ̀ tuntun náà tó jáde.