Láti Ìgbéra dé Ìbalẹ̀

Nígbà tí ìrìn-àjò Haji àbúrò bàbá mi obìnrin kù sí dẹ̀dẹ̀, ó pè mí sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjàgbó. "Ọmọ mi, Jẹ́dà yìí, ó ti jìnnà tó?" Mo ní, "Ìyá, láti Ìlọrin, ó tó nǹkan bí 4,000 kìlómítà." Ó wò mí. "Mo ní ó ti jìnnà tó?" Ìgbà tí mo wí pé bíi wákàtí márùn-ún ni bàálù yóò lò lójú òfuurufú ló tó mi orí.

Kò ṣì í bi. Àkókò ni àwọn baba wa fi ń wọn jíjìnnà: ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, ìrìn oṣù kan. Àwọn ààfáà tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Mẹ́kà nígbà kan rí gba Ṣáàdì àti Sùdáánì kọjá, wọ́n ń ṣiṣẹ́ jẹun lọ́nà, àwọn mìíràn sì lo ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dé. Ilẹ̀ kò sún mọ́ra láti ìgbà náà wá; àkókò ló dín kù. Nítorí náà ló ṣe yẹ kí ilẹ̀ àti àkókò ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé tí mò ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí.

Fún ti ilẹ̀, "ìjìnnà" tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ti kọ́kọ́ fẹ́ lo "ibùsọ̀", tí àwọn kan fi ń pe máìlì, nítorí mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ibi tí a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ọ̀fà, nítòsí wa níbí, ibùsọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n láàárín Ìlọrin sí Jẹ́dà, ta ni yóò sọ ẹrù kalẹ̀ lójú sánmà?

Ti àkókò ló le jù. "Àkókò ìfò" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ, ṣùgbọ́n ẹni tó fo kòtò náà fò. Ẹ gbọ́ ohun táwọn èrò ń sọ fúnra wọn: bàálù ti gbéra, bàálù ti balẹ̀. Àkókò ìgbéra-dé-ìbalẹ̀ nìyẹn, kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Èyí tó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì sì gùn jù ú lọ díẹ̀, torí ìgbà tí bàálù bá ti ṣídìí níbi tó gúnlẹ̀ sí ni wọ́n ti ń kà á, títí yóò fi dúró pátápátá. Mo pe ìyẹn ní ìṣídìí-dé-ìdúró.

Ìjìnnà kan náà sì lè gba àkókò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èkó sí New York jẹ́ nǹkan bí 8,400 kìlómítà, yálà ní àlọ tàbí ní àbọ̀, síbẹ̀ àlọ máa ń pẹ́ ju àbọ̀ lọ, torí afẹ́fẹ́ líle tó wà lókè lọ́hùn-ún ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Afẹ́fẹ́ adojúkọni ni ní àlọ. Ní àbọ̀, afẹ́fẹ́ atìlẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí ìyá lọ, ó pè mí láti Jẹ́dà. Aago ibẹ̀ fi wákàtí méjì ṣíwájú tiwa. "A ti sọ̀ kalẹ̀ o," ló wí. Kò sọ pé àwọn ti balẹ̀. Mo dá ibùsọ̀ padà sínú ìwé mi lálẹ́ ọjọ́ náà, fún pápákọ̀ òfuurufú tí bàálù ti ń yà sọ èrò àti ẹrù kalẹ̀ kó tó máa bá tirẹ̀ lọ.