Èbúté Omi Jíjìn Lẹ́kí

Èbúté Lẹ́kí wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ní ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Èkó, lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ààrẹ Muhammadu Buhari ló ṣí i lóṣù kìíní ọdún 2023. Òwò sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún yẹn.

Nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.5 dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí. Ilé-iṣẹ́ China Harbour ti ilẹ̀ Ṣáínà àti Tolaram ti Singapore ló ni ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjọba Èkó ní ìdá 20, àjọ èbúté Nàìjíríà sì ní ìdá 5. Ilé-iṣẹ́ CMA CGM ti ilẹ̀ Faransé ló ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń já kọ̀ǹténà.

Omi ibẹ̀ jìn tó mítà 16.5, ó sì ju ti èbúté Àpápá l'Ékòó lọ. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ńláńlá kò lè wọ Èkó: Lomé ní ilẹ̀ Tógò ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gúnlẹ̀ sí, tí wọn á wá kó ẹrù sínú ọkọ̀ kéékèèké tó ń bọ̀ lÉkòó. Àfikún owó tí èyí máa ń fà, orí aláròóbọ̀ àti oníbàárà ló máa ń já lé.

Ìṣòro tó kù ni ọ̀nà ilẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ojú irin kò tíì dé ibẹ̀. Títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ni tírélà gbára lé. Èbúté tí kò ní ọ̀nà tó já gaara kò lè mú ọjà dínwó.